Ewé Àgbà Mẹ́jọ Nínú Ààrò Oníbúrẹ́dì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, báwo ni iná tí ò ń dúró tì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́? Àwa ń mí níhìn-ín, a dúpẹ́. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá ò ń jẹun, mo sì sọ fún un pé ta ní í bi ẹja bóyá ó ń rí omi mu, àmọ́ ó ní kí n ṣáà kọ ọ́, mo ti kọ ọ́. Àdúrà mi ni pé ọ̀bẹ tí ò ń lò kò ní yà sí ọ lọ́wọ́, òróró gbígbóná kò ní ta sí ọ lójú, ibi tí ọbẹ̀ ẹlòmíràn bá ti ń jóná, tìrẹ á máa ta sánsán. Àmín.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Òrùlé tó ń jò lápá ìdáná, mo ti tún un ṣe. Àgbébọ̀ aláwọ̀ eérú tí o mọ̀ ti pa ọmọ mẹ́sàn-án. Àga mẹ́fà ni mo kàn fún ilé ìwé lóṣù tó kọjá, ọ̀kan ṣoṣo ló ń mì nínú wọn, èyí tí ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ mú jókòó. Ohun tí mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé gan-an ni ẹrù kékeré tí o fi ránṣẹ́ àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Mo mọ̀ pé o ò retí èsì. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti kọ̀wé sí ọ kẹ́yìn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé ọ, ìbínú ló gbé kálámù mi pamọ́.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì àwọn tó ń kó ẹrù, akọ̀wé wọn na fọ́ọ̀mù kan sí mi. Orúkọ, mo kọ ọ́. Iṣẹ́, mo kọ káfíńtà. Wọ́n wá ní kí n kọ irú ìbáṣepọ̀ tó wà láàárín èmi àti ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé ìjọba ti mọ ọ̀rọ̀ ilé wa débẹ̀. Mi ò sì lè purọ́ sórí ìwé tí wọ́n máa lu òǹtẹ̀, nítorí náà mo kọ ọ́ pé ó dán mọ́rán tẹ́lẹ̀, ó bàjẹ́ nígbà tí ọmọ mi fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ tó lọ ń dáná, àmọ́ mo lérò pé yóò tún ṣe. Akọ̀wé kà á, ó pe ẹnì kejì rẹ̀, ìyẹn náà kà á, wọ́n wò mí lójú, wọ́n sì gbé ẹrù fún mi láìgba owó kankan. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òótọ́ máa ń san owó ẹrù.

Mo tú u nílé. Ewé gbígbẹ ni mo bá níbẹ̀, ó funfun bí eérú, irun wà lára rẹ̀ bí etí ehoro, òórùn rẹ̀ sì le bíi ti àpótí tí wọ́n kó aṣọ sí fún ọdún mẹ́wàá. O kọ ọ́ sára rẹ̀ lédè òyìnbó pé séèjì. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ọ̀gá ilé ìwé lọ, ó ṣí ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀, ó ní ohun tí ìwé wí ni pé séèjì jẹ́ àgbàlagbà tí ọgbọ́n kún inú rẹ̀. Mo bi í pé ṣé àgbàlagbà wá ni wọ́n ń sè jẹ ní ìlú ńlá. Ó ní kí n ní sùúrù, òun ò tíì ka ìlà kejì. Kó tó ka ìlà kejì, mo ti dé ilé. Ọ̀rọ̀ náà sì ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò. Obìnrin mẹ́rin ló wá tọrọ ewé ọgbọ́n fún ọmọ wọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò, ìyàwó ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní tirẹ̀ sì tọrọ fún ọkọ rẹ̀.

Fídíò tí o fi sórí fóònù ìyá rẹ láti kọ́ wa bí a ṣe ń fi ewé náà se ẹran, a rí i. Bí ìyá rẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí ni o yọ, nínú fìlà funfun gíga àti aṣọ funfun onílà bọ́tìnnì méjì. Mo kí ọ. O ò dáhùn, o ń gé àlùbọ́sà lọ. Mo tún kí ọ. Inú bí mi, mo ní iṣẹ́ nìkan kọ́ ló sọnù, ẹ̀kọ́ ilé náà ti bá a lọ. Ìyá rẹ ló là mí lóye pé o ti sọ tìrẹ sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ ni o máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àlùbọ́sà, o ò sì fajú ro lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó di ìgbà kọkànlá lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, àánú rẹ ṣe mí, mo ní kí ìyá rẹ gbé fóònù sílẹ̀, ó ti tó, á ti rẹ ọmọ náà. Bí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́ ìdí tí àlùbọ́sà fi tán kíákíá lọ́sẹ̀ yẹn, sọ fún un pé àwa ni, kó má bínú.

Wàyí o, o mọ bí ẹ̀gbọ́n mi télọ̀ ṣe jẹ́ sí ọ. Àwọn ni wọ́n fi máṣíìnì ìránṣọ rán ọ níwèé nígbà tí àga àti tábìlì mi ò gbé e. Àwọn náà ló sì sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ọmọ tí àwọn fi ojú tí àwọn fi ń wá ihò abẹ́rẹ́ tọ́, tó wá lọ ń fẹ́ná fún àlejò, kó má ṣe bu oúnjẹ kankan wá fún àwọn láéláé. Ibà ló dá wọn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibà lọ, ṣùgbọ́n ó kó adùn ẹnu wọn lọ. Ohunkóhun tí a bá gbé síwájú wọn, wọ́n á ní bí ẹfun ló rí lẹ́nu àwọn. Búrẹ́dì tí a rẹ sínú omi ni wọ́n ń gbé mì, ìyẹn náà kò ju ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Nọ́ọ̀sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní oògùn ò rí ibi dúró lé nínú ikùn òfìfo, ó ní bí bàbá ò bá jẹun kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ká yáa máa gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Mo wo apá wọn nínú ẹ̀wù, ó ti tín-ín-rín bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ. Ìyá rẹ ti se gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n sè. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ewé rẹ.

Ìyá rẹ ní ewé tó ń rùn bí àpótí kò ní wọ ìkòkò òun. Mo ní kò burú, o ò kúkú sọ pé ká fi sínú ìkòkò, àwo irin pẹlẹbẹ inú ààrò lo wí, oníbúrẹ́dì àdúgbò wa sì ní méjèèjì. O ní kí kárọ́ọ̀tì, ọ̀dùnkún, elégédé àti àlùbọ́sà dọ́gba kí wọ́n lè jinná pọ̀. Ibi tí o ti sọ èyí ni mo ti mọ̀ pé ọmọ káfíńtà ṣì ni ọ́. Mo fi pẹ́ńsùlù há ẹ̀yìn etí, mo fi téèpù wọ̀n wọ́n, íńṣì kan ààbọ̀ ni mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi irin onígun yẹ elégédé wò kó má ṣe wọ́. Ìyá rẹ ní ṣé mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni àbí mo fẹ́ kàn án. Mo ní ẹni tó ń wọn nǹkan kì í sọ̀rọ̀. Mo gé àkùkọ kan, mo gé ẹran àgùntàn díẹ̀, mo fi iyọ̀, òróró àti aáyù pa wọ́n lára, mo wá fi ewé náà lé e. O ní kí n má ṣe pọ̀ ọ́ nítorí agbára rẹ̀. Mẹ́jọ ni mo fi sí i. Àgbà mẹ́jọ tó fún ìpàdé kan.

Iná ló fẹ́ dà mí láàmú. O ní kí ààrò gbóná dé ọgọ́sàn-án dìgírì. Mo jókòó, mo kà wọ́n. Ọ̀gá ilé ìwé ní ọ̀kan, nọ́ọ̀sì ní ọ̀kan, ìwọ ní ọ̀kan, ọmọ ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì ní òun ní ọ̀kan ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì rí i. Bí a bá tilẹ̀ gbà á fún un, mẹ́rin péré ni gbogbo wa ní. Mo ní abájọ tí ọmọ mi fi kàwé kó tó lọ dáná. Ọ̀gá ilé ìwé ló ṣàlàyé fún mi pé ooru ni wọ́n ń fi wọ̀n. Mo wá lọ yá ohun tí nọ́ọ̀sì fi ń wo ooru ara aláìsàn. Ó ní méjìlélógójì ló pin sí, ó ní ẹni tó bá ti dé ọgọ́sàn-án kò nílò nọ́ọ̀sì mọ́.

Obìnrin oníbúrẹ́dì ló yọ mí. Ó ní òun ò mọ dìgírì, apá òun ni dìgírì òun: bí òun bá na apá wọ ẹnu ààrò, tí òun sì lè ka oókan dé mẹ́jọ kí òun tó fà á yọ, iná ti tó nìyẹn. Ó nà án, ó kà á, ó ní ó ti tó. A ti àwo wọlé. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ òórùn sínú ìwé. Ọ̀rá ẹran tó ń yọ́ ni, àti àlùbọ́sà tó ń di aládùn, ewé náà sì wà lẹ́yìn wọn bí àgbà tí kò pariwo wọlé ṣùgbọ́n tí gbogbo ilé mọ̀ pé ó ti dé. Àwọn tó wá ra búrẹ́dì ò lọ mọ́. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe gbé kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wá síbẹ̀, ó ní ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ṣọ́ọ̀bù òun lọ.

Nígbà tí a gbé e jáde, oníbúrẹ́dì na ọwọ́ sí itan adìẹ, mo gbá a lọ́wọ́. Mo ní ọmọ mi ní kí ẹran sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá jáde nínú irú iná yẹn, ó yẹ kó sinmi. Mo fi aṣọ mímọ́ bò ó, mo ní kí kálukú rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Èèyàn mẹ́tàlá ló yí tábìlì ká tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí ilé tí ìkókó ti ń sùn.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bi mí pé ta ló kọ́ mi. Ọmọ, láti ìgbà tí o ti lọ, bí wọ́n bá bi mí iṣẹ́ tí ò ń ṣe, mo máa ń ní o wà ní ọ́fíìsì kan, màá sì yí ọ̀rọ̀ sí ti òjò. Lọ́jọ́ náà, ẹnu mi ṣáájú mi. Mo ní ọmọ mi ló kọ́ mi, alásè ni, ilé oúnjẹ ńlá ló ti ń sè, èèyàn ń tò kí wọ́n tó rí àyè jókòó níbẹ̀. Mo sọ ọ́ tán, mo ń retí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì ní láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí òun ti ń fẹ́ná, òun ò tíì gbọ́ kí bàbá kan fi irú ohùn yẹn dárúkọ iṣẹ́ yìí rí. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ojú tì mí.

Mo bu ti ẹ̀gbọ́n mi sínú àwo, mo gbé e lọ. Wọ́n kọjú sí ògiri. Mi ò tíì ṣí i tí wọ́n fi ní kí ni mo gbé. Mo ní kí wọ́n tọ́ ọ wò ná. Wọ́n mú elégédé kan, wọ́n yí i wò, wọ́n ní ta ló gé e tó dọ́gba báyìí. Wọ́n fi í sẹ́nu, wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n mú kárọ́ọ̀tì, wọ́n mú adìẹ, mo ń kà á lọ́kàn bí ẹni ń ka ìṣó tó kù nínú àpò. Nígbà tó di ẹran kẹrin, wọ́n bi mí pé ta ló sè é. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní èmi tí mi ò lè se omi kó má jóná. Mo wolẹ̀, mo ní ọmọ wọn ló sè é, ọwọ́ mi ló kàn yá lò.

Wọ́n gbé àwo sílẹ̀. Mo rò pé mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n wá bi mí bóyá òótọ́ ni pé àwọn èèyàn ń sanwó jẹ ẹ́. Mo ní òótọ́ ni. Wọ́n ní aṣọ wo lo ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Mo sáré lọ gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ, mo bẹ̀ ọ́ nínú ọkàn mi kí o forí jì mí, o tún ní àlùbọ́sà í gé. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Wọn ò wo iná, wọn ò wo ẹran, èjìká aṣọ rẹ ni wọ́n tẹjú mọ́. Wọ́n ní ta ló gbé irú ìránkúrán yìí kọ́ ọmọ àwọn lọ́rùn. Wọ́n ní apá rẹ̀ fún jù, bọ́tìnnì kejì kò bá ihò rẹ̀ mu, wọ́n ní ẹni tó ń gbé ìkòkò wúwo kò gbọ́dọ̀ wọ ohun tó há lábíyá. Wọ́n ní kí n fa téèpù àwọn tó wà lára ìṣó wá. Mo fà á wá, wọ́n gbé e kọ́ ọrùn, wọ́n sì gba àwo, wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá, títí kan ewé tó lẹ̀ mọ́ etí àwo.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Wọ́n ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì bi mí pé oògùn wo ni mo fún wọn, mo ní àgbà mẹ́jọ.

Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé kí o fi ìwọ̀n èjìká, àyà, gígùn apá àti ìbàdí rẹ ránṣẹ́, kí o fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí o má fojú díwọ̀n. Aṣọ funfun tó nípọn ti wà lórí máṣíìnì, wọn ò jẹ́ kí n dá sí i. Èmi ní tèmi fẹ́ mọ ààrò kékeré kan sẹ́yìn ilé. Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó bíríkì àti ti ilẹ̀kùn onírin kan ránṣẹ́. Ǹ bá fi pákó kan ilẹ̀kùn náà, oníbúrẹ́dì ló ní á jóná, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn mí. Bó bá jẹ́ orí fóònù lo máa gbé owó náà gbà, rọra fi í ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, fóònù ìyá rẹ kéré, kò lè gba owó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fi séèjì náà kún un. Àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò ṣì ń dúró.

Ọwọ́ rẹ ò ní wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá jẹun rẹ á rántí ilé tó ti wá. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ò tíì dé, iṣẹ́ rẹ á ti dé ibẹ̀ gba àga sílẹ̀ fún ọ. Bí o ṣe mú ojú wa tutù, ọmọ tìrẹ náà á mú ojú rẹ tutù.

Lánàá, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, ó ní bàbá alásè ni òun ń wá. Ìyá rẹ ní ó ṣìnà, káfíńtà ló ń gbé ibí. Mo ní kó jẹ́ kí ó wọlé, èmi ló ń wá.

Èmi ni,
Bàbá Alásè