Àfẹ́sọ́nà Ojú Ayé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Mo ti gbà. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, àmọ́ mo ti gbà.

Máníjà ló gbé e wá. Ó ní ẹ̀rù mi ń ba ilé iṣẹ́ ìpara tó fẹ́ fi àwòrán mi polówó. "Obìnrin akànṣẹ́ tí ò lẹ́ni tó ń fẹ́ ẹ, ta ló máa ra ìpara lọ́wọ́ ẹ̀?" Ó ti bá mi wá àfẹ́sọ́nà — olórin kan tí orin ẹ̀ ò tà mọ́. Ká jọ máa jáde, ká di ara wa lọ́wọ́ mú, kí àwọn ayàwòrán máa yà wá. Tí mo bá ti ja ìjà tó ń bọ̀ yìí tán, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ.

Èmi tí wọ́n ń pè ní Òòlù! Mo wá dà bí ọjà tí ò tà, tí wọ́n ń fi èènì sí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo rí olórin náà lónìí. Ilé oúnjẹ olówó ńlá, àwọn ayàwòrán lójú fèrèsé. Ọwọ́ ẹ̀ rọ̀ bí òwú. Tèmi — oríkèé wíwú, awọ bíbó. Mo fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì.

Ó ní, "Gbé e síta, jàre. Ọwọ́ iṣẹ́ ni."

Ohùn yẹn! Ohùn-Oyin ni mo sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Màmá ti rí àwòrán wa. Wọ́n pè mí, wọ́n ń sunkún ayọ̀. "Ọlọ́run ò dójú tì mí!" Ó ti pẹ́ tí àwọn àbúrò bàbá mi ti ń bi wọ́n pé irú ọmọ wo ni wọ́n bí, tó ń lu èèyàn jẹun, ta ló fẹ́ gbé e níyàwó.

Mo fẹ́ sọ òótọ́. Ẹkún ayọ̀ wọn ò jẹ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Irọ́ náà sì rọrùn láti pa. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Màmá ní àfi kí àwọn rí i, mo bá mú un lọ. "Ọkọ ọmọ mi" níhìn-ín, "ọkọ ọmọ mi" lọ́hùn-ún. Ẹran tó tóbi jù, òun ni wọ́n bù ú fún. Èmi tí mò ń jà, egungun. Ó gbé gìtá, ó kọ orin tí bàbá mi fẹ́ràn kí wọ́n tó kú. Èmi ni mo sọ fún un nípa orin náà nínú ọkọ̀, láìronú. Màmá jó yí àga po.

Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Kóòṣì ní, "Ìjà lo fẹ́ jà, àbí ìyàwó lo fẹ́ ṣe?" Mo yí padà, mo ń lu àpò oníyanrìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ohùn-Oyin wá síbi tí mo ti ń ṣe ìgbáradì. Kò sí ayàwòrán kankan níbẹ̀ o! Ó jókòó títí mo fi ṣe tán, ó bá mi tú aṣọ tí mo fi di ọwọ́. Kí ló wá ṣe? Mi ò bi í. Ẹni tó bá béèrè ni yóò gbọ́.

Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ẹni tí wọ́n yá fún mi ni mo fẹ́ràn. Ìtìjú rèé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo borí lánàá. Wọ́n ṣì ń gbé ọwọ́ mi sókè nígbà tí Ohùn-Oyin gun ojú ìjà, tòun ti gbohùngbohùn, ó sì kúnlẹ̀. Ó ní ṣé mo máa fẹ́ òun. Ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú mi. Mo gbàgbé ìpara, mo gbàgbé Máníjà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni — lẹ́ẹ̀mejì, bí ọmọdé tí wọ́n bi pé ṣé ó fẹ́ súìtì. Màmá wà níwájú, wọ́n ń fò sókè, bàtà wọn kan ti bọ́.

Nínú yàrá tí mo ti ń múra, mo dì mọ́ ọn. Ó dúró gbagidi bí òpó.

"Jọ̀ọ́, má bínú. Mo rò pé Máníjà ti sọ fún ẹ. Ó ní ká fi ìkúnlẹ̀ yẹn kún eré náà."

Ó wá wo ojú mi. Ó rí i pé mo ti mú un lóòótọ́. Ó ní, "Háà."

Ẹ̀ṣẹ́ tí mo jẹ lálẹ́ àná pọ̀, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó Háà yẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àwàdà ni mò ń ṣe.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo lọ bá Màmá ní ilé ìdáná. Mo kúnlẹ̀, mo tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ — ìpara, Máníjà, àwòrán. Mò ń retí ìgbátí. Wọ́n pa iná abẹ́ ìkòkò. Wọ́n nu ọwọ́ wọn.

"Mo ti pe gbogbo ẹbí."

"Mo mọ̀, Màmá. Èmi fúnra mi ni màá pè wọ́n padà."

Wọ́n gbé àgbọ̀n mi sókè, wọ́n wo imú mi tó wú. "'Bẹ́ẹ̀ ni' tó o wí lójú gbogbo ayé ńkọ́? Irọ́ nìyẹn náà?"

Mo gbé orí lé wọn lẹ́sẹ̀, mo sunkún. Wọ́n rẹ aṣọ sómi, wọ́n ń fi nù mí lójú, jẹ́jẹ́.

Wọ́n ní, "Ó tó. Gbé fóònù wá. Àbúrò bàbá ẹ tó lẹ́nu jù yẹn la ó kọ́kọ́ pè."