Nọ́ńbà Mẹ́fà Tí Mo Kà Sókè

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Àwọn tí a bí: ìbejì, lọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi àgbà. Obìnrin kan, lọ́dọ̀ àbíkẹ́yìn mi – Olórí-Gbọọrọ ni mò ń pe ọmọ náà. Ẹni tó gbéyàwó: ọmọ-ọmọ mi tó ń tún fóònù ṣe. Tíṣà tó ń kọ́ àwa àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní ká kọ ìròyìn ilé wa ránṣẹ́ sí òun. Èmi fi tèmi sí ojúde lórí fóònù, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Wákàtí méjì gbáko. Ìka ń ro mí. Ẹni tó mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ó rẹ̀ mí. Mi ò kọ nǹkan.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ọkùnrin kan pè, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní láti ilé-iṣẹ́ fóònù ni. Ó kí mi kú oríire ìbejì, ó kí mi kú ìnáwó ìgbéyàwó. Mo ní ẹni tó mọ̀ mí tó báyìí, ẹni wa ni. Ó ní ẹ̀bùn wà fún àwọn ìyá àgbà, pé nọ́ńbà mẹ́fà kan ti wọlé sórí fóònù mi. Ó béèrè bóyá ọmọ kan wà nílé tó lè bá mi kà á.

Ìyẹn dùn mí. Ta ni yóò bá mi ka kí ni? Mo gbé awò sójú, mo kà á sókè bí ìgbà tí Tíṣà bá pè mí síwájú kíláàsì. Ó ní, "Màmá, ẹ mà mọ̀wé o." Mo dúpẹ́. Ó pa fóònù.

Mo wá ń ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ nọ́ńbà náà. Má – sọ – nọ́ńbà – yìí – fún – ẹnikẹ́ni.

Nọ́ńbà kì í dà mí láàmú. Ọ̀rọ̀ ló máa ń pẹ́ lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ẹ-Mọ̀wé, ọkùnrin tó pè lánàá, ti tì mí síta nínú Wasáàpù ara mi. Ó ń tọrọ owó kiri lórúkọ mi, pé mo wà ní ọsibítù. Ọmọbìnrin mi àgbà pè. Ó ní òun ti mọ̀ pé kì í ṣe èmi: "Ọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀, kò sí òwe kan ṣoṣo nínú ẹ̀." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò wá.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ọmọ-ọmọ mi, ọkọ ìyàwó, wá, ó bá mi gba Wasáàpù mi padà. Ó fi títì kejì sí i, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí èmi nìkan mọ̀. "Kì í ṣe ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni o, Màmá." Ó ní kí n pa ìròyìn àwọn ọmọ rẹ́ lójúde. Iṣẹ́ wákàtí méjì, ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 10
Abẹ́rẹ́, aránṣọ tá a jọ ń jókòó ní kíláàsì, béèrè bóyá ara mi ti yá. Ó wá yé mi. Òun nìkan ló fi owó ránṣẹ́ sí Ẹ-Mọ̀wé – owó tó fẹ́ fi tún ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣe. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ́kọ́ pè mí. Ó wolẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ gígùn tó o kọ yẹn, èmi nìkan ni mo kà á tán. Ẹnikẹ́ni ò ràn mí lọ́wọ́. Inú mi dùn sí àwa méjèèjì."

Òwe tán lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Abẹ́rẹ́ ní kí n gbàgbé ẹ̀, pé olè ló gbà á, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni olè gbà wọlé. Mo ti ń tọ́jú owó awò tuntun. Ti àtijọ́ yìí ṣì ń ríran díẹ̀. Mi ò fi fóònù fi owó náà ránṣẹ́ sí i. Inú àpò ìwé ni mo kó o sí, pẹ̀lú ìwé pélébé tí mo fọwọ́ ara mi kọ: Ọ̀rẹ́ mi, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo fi òwe sí i, kó lè mọ̀ pé èmi ni.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún náírà, iye tí olè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́.