Omi Mímọ́ Tí Mo Wọ́n Sára Kọ̀ǹpútà

Luh Wiri, àbúrò mi àtàtà,

Bàbá kí ọ. Ìyá wa kí ọ, èmi náà kí ọ. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ẹni tí ó sọ fún ọ ní ìlú Denpasar pé mo fi igi fọ́ kọ̀ǹpútà abúlé wa, irọ́ ló pa. Igi kankan kò sí lọ́wọ́ mi. Omi mímọ́ ni mo wọ́n sí i lára.

O rántí ìwé oògùn tí Bàbá fi ọ̀bẹ fín sára ewé ọ̀pẹ fún odidi ọdún mẹ́rin. Kí Bàbá tó kú, Ketut Rentig, akọ̀wé abúlé, fi ọjọ́ mẹ́ta péré tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó ní ikán kò lè jẹ ẹ́ mọ́, kò ní kú láé. Mo gbà á gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó àwọn ewé náà lé Bàbá láyà lọ́jọ́ tí a sun òkú rẹ̀, kí ó má baà lọ lọ́wọ́ òfo.

Nígbà tí ọjọ́ Saraswati, ọjọ́ tí a ń bọ ìwé, pé, tí gbogbo ilé ń gbé ọrẹ síwájú ìwé wọn, mo rò ó pé ìwé Bàbá wà nínú ẹ̀rọ yẹn, kò sì sí ẹni tí yóò bùn ún ní ìrẹsì. Mo gbé òdòdó àti ìrẹsì lọ, mo wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí Bàbá ti máa ń ṣe. Ó dún ṣáà, ó rú èéfín, ó ṣókùnkùn. Mo rò pé ó ti gba ọrẹ ni. Ketut ké mọ́ mi pé olórí kunkun, ṣé mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ni? Mo ní ìwé bàbá mi kò sá fún omi mímọ́ rí. Ó bá jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ní ìwé náà kò sí níbòmíràn mọ́.

Ní ìpàdé abúlé, wọ́n ní kí n bẹ̀bẹ̀. Mo ní ta ni kí n bẹ̀, ẹ̀rọ ni àbí Bàbá? Mo ń ka àwọn tí ó dìde dúró tì mí: ìyá wa ni ẹni kìíní, Ketut fúnra rẹ̀ ṣe ìkejì. Nígbà tí Bàbá Àgbà Rugeg, tí kò kúrò lórí ẹní láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, fi ọ̀pá wọlé, ojú mi kún fún omi, n kò kà wọ́n mọ́.

Lẹ́tà tí o fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ dé. Ìyá wa, tí kò mọ̀wé, fi ìka pa á síwá sẹ́yìn, ó ní òun kò rí ọ níbẹ̀. Ó ní lára ewé Bàbá ni ìka òun ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n.

Nítorí náà, má fi owó kọ̀ǹpútà tuntun tí o sọ nínú lẹ́tà rẹ ránṣẹ́. Owó bàtà ìyá wa tí o fi ránṣẹ́ ti tó. Ewé kan ṣoṣo tí Bàbá fín fún ọ lọ́jọ́ tí o ń lọ ló ṣẹ́kù. Gbé e wálé. Má fi fóònù ya á fún wa. Èyí tí o bá sì rántí nínú ìwé náà, fi ọwọ́ kọ ọ́. Mo ti se ewé ọ̀pẹ tuntun tí o máa kọ ọ́ sí, ó ti gbẹ. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n láìtọ́jọ́.

Ketut ní bí èèyàn bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ nínú kọ̀ǹpútà, ńṣe ni yóò pòórá bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Bàbá kì í ha àṣìkọ kúrò. Àmì ló máa ń fi sí i lórí àti nísàlẹ̀, kí a mọ̀ pé ó ti kú, kí ó sì wà ní ipò rẹ̀. Wo ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà yìí, níbi tí mo ti ní Bàbá kí ọ. Ọwọ́ mi ti kọ ọ́ kí n tó rántí. Mo ti fi àmì sí i lókè àti nísàlẹ̀. N kò ha á kúrò.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, tí mo di bàbá rẹ tipátipá,
Gede Sandi