Mo Ní Kí Wọ́n Pè É Lórúkọ

Adó-Èkìtì. Ọjọ́rú, 8 Fẹ́búwárì 1956.

Ẹ̀kọ́ bupá ni mo ṣe pẹ̀lú kíláàsì mi lánàá, àjẹsára tí wọ́n ń gún sí apá nítorí àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní Olóde; wọ́n ní ẹni tó bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an ti pè é wá sílé. Ohun tí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kì í gbàgbé, nítorí náà a fi ṣeré. Fúnmi ni aláìsàn. Ó sùn sórí ẹní, mo po ẹfun, mo kán an tótòtó sí ojú rẹ̀. Mo ní kí gbogbo wọn pe àrùn náà lórúkọ sókè, nítorí orúkọ kò lè ran ènìyàn.

Fúnmi kò wá lónìí. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, kò wọlé.

“Tíṣà, ara ọmọ mi ń gbóná lúlé látàná.”

Mo ṣàlàyé pé ẹfun lásán ni, pé ó lè jẹ́ ibà. Ó gbọ́ mi tán.

“Ẹ ti ṣàlàyé. Ṣé ẹni tí ẹ pè gbọ́ àlàyé yín?”

Mo béèrè bóyá wọ́n ti bupá fún Fúnmi.

“Oko la wà lọ́jọ́ tí wọ́n wá.”

Èmi tí mo máa ń wo ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mejì, n kò béèrè ìyẹn kí n tó ní kó sùn sórí ẹní.

Láàárọ̀ kùtù màá lọ wò ó, bóyá nǹkan ti yọ sí i lára.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ojú ewé yìí látòkè. N kò kọ orúkọ àrùn náà gan-an níbì kankan. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí. Ọwọ́ mi kọ̀.