Bàbá Abímbọ́lá, Irin Wáfù Yín Dákẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti papò dà, Adémúyìwá ọkọ mi. Ọdún mẹ́ta rèé tí mò ń jí lójoojúmọ́ nílé wa lẹ́yìn France Road, tí mò ń sọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sọ pé kí n dákẹ́.

Ó yẹ kí ẹ gbọ́ bí ilé ṣe wà. Abímbọ́lá ọmọ wa ti di olùkọ́ ní àdúgbò Noman's Land. Yorùbá ni mò ń bá a sọ, Hausa ló ṣì fi ń dá mi lóhùn, bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ náà ni. Ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ kò rí rẹ́, mo ti rẹ́ ẹ, mo kùn ún lọ́dà funfun. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ rírán mi kò tì. Àwọn tó ní yóò tì, ó ti rẹ̀ wọ́n.

Ohun kan ló kù tí mi ò rí ṣe. Wáfù yín ni, àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ tí ẹ máa ń sè.

Ta ni ò mọ̀ ní Sabon Gari pé àlejò kì í jẹun tán nílé yín kó kàn dìde? Lẹ́yìn ìrẹsì, lẹ́yìn ẹran, ẹ ó gbé sítóòfù wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójú wọn. Ẹ ó gbé irin wáfù jáde, irin dúdú olójú méjì tí òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti ń dáná ní Airport Road fi ta yín lọ́rẹ nígbà tí wọ́n ra ti iná mànàmáná. Ẹ ó po fúláwà, ẹyin, bọ́tà àti ṣúgà, ẹ ó da kòkó lílọ̀ sí i títí yóò fi dúdú. Ẹ ó bù ú sínú irin, ẹ ó pa á dé, ẹ ó yí i padà lórí iná. Ẹ ó wá gbé ọwọ́ sókè, ẹ ó fi Hausa pàṣẹ fún gbogbo wa: "Shiru."

Ilé á pa rọ́rọ́. Nítorí wáfù kòkó kì í fi àwọ̀ sọ pé òun ti jinná. Dúdú ló wọlé, dúdú ni yóò jáde. Etí lẹ fi ń sè é. Irin á máa ké ṣììì bí omi inú rẹ̀ ṣe ń bá ooru jáde. Bó bá ti dákẹ́, ó ti jinná. Ṣí i kó tó dákẹ́, yóò ya. Pẹ́ díẹ̀, yóò jó.

Èmi sì rèé, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ọjọ́ tí Bùrọ̀dá Obadiah, akọ̀wé reluwé, sọ pé obìnrin tí kò rí inú ilé ìwé kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba, èmi tí mo kọ́ ìwé kíkà lára bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà, mo fún un lésì títí irin fi jó. Ẹ ṣí i, èéfín bo gbogbo wa. Ẹ ní, "Edith, ẹnu rẹ ló jẹ wáfù yìí." Mo ní ẹnu mi ò tíì yó. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ lọ, bísíkíìtì la fún àwọn àlejò ìrántí lọ́dún kìíní. Lọ́dún kejì mo se wáfù, gbogbo rẹ̀ ló jó. Olúdélé àbúrò yín ní, "Ìyàwó wa, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Wáfù ti bá ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ẹ jẹ́ kí n gbé irin yẹn fún alágbẹ̀dẹ." Mo ní kó kọ́kọ́ gbé orí ara rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ, bóyá wọ́n á rí nǹkan rọ níbẹ̀. Ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Bó bá tún jó, irin ń lọ. Mo ní ó dáa.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ilé kún fún ìrántí ọdún kẹta. Ní 1984 yìí, orí ìlà ni mo ti rí ṣúgà rà. Mo gbé sítóòfù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wáfù àkọ́kọ́ jó, torí mò ń kí àwọn tó ń wọlé. Èkejì ya, torí Olúdélé ń fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì ní láti dá a lóhùn. Mo bu ẹ̀kẹta. Èyí tó kù nínú abọ́ ò tó òmíràn mọ́.

Bí mo ṣe pa irin dé ni pásítọ̀ wa dìde, ó ní ká dákẹ́ díẹ̀ nítorí yín ká tó gbàdúrà. Mo ti fẹ́ sọ pé kó ní sùúrù. Abímbọ́lá fọwọ́ kàn mí léjìká. "Mama, shiru," ló wí, bí ẹ ṣe máa ń wí i gan-an.

Mo dákẹ́. Gbogbo ilé dákẹ́. Olúdélé pàápàá dákẹ́. Mo wá gbọ́ irin yín. Ó ń ké ṣììì, ó ń dín kù, ó ń dín kù. Mi ò gbọ́ ohun mìíràn láyé. Ó dákẹ́.

Mo ṣí i nígbà tí gbogbo wọn ṣì dijú, kí Ọlọ́run forí jì mí. Ó bọ́ sílẹ̀ lódindi, òórùn kòkó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan.

Olúdélé ni mo kọ́kọ́ gé fún. Ó jẹ ẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ó gbóná jù ni. Kò sọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ mọ́.

Bàbá Abímbọ́lá, irin yín ò lọ síbì kankan. Àárò yín ń sọ wá, ìfẹ́ yín kò sì kúrò lọ́kàn wa. Mi ò ní dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yín láyé mi, àfi ìgbà tí wáfù bá wà lórí iná.

Èmi ìyàwó yín, Edith, àti Abímbọ́lá