Bàbá Tó Na Ọwọ́ fún Ọdún Mẹ́sàn-án: Alàgbà Simeon Olúwaníyì Fámákinwá (1948–2024)

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1948 ni wọ́n bí Alàgbà Simeon Olúwaníyì Fámákinwá ní Ọ̀gọ̀tún-Èkìtì. Àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá wọn, Pa Joshua Fámákinwá. Ahunẹní ni ìyá wọn, ẹni tí gbogbo Ọ̀gọ̀tún mọ̀ mọ ẹní aláràbarà. Nínú ọmọ méje tí Màmá àgbà bí, Bàbá nìkan ló dàgbà. Bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń dá wà láì ráhùn.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà jáde ní ilé-ìwé Áńgílíkà ìlú wọn ní 1961, wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ Gíréèdì Tuù ní 1969. Òfin kan ṣoṣo ló le nínú kíláàsì Bàbá: ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó na ọwọ́, ẹni tó bá sì ti na ọwọ́, olùkọ́ gbọ́dọ̀ pè é. Àwa ọmọ tí wọ́n bí pàápàá, a kì í béèrè ẹran nídìí oúnjẹ láì na ọwọ́. Ẹ̀rín ni nígbà náà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1976, wọ́n fẹ́ ìyá wa, Matilda, ọmọ Ìgbàrà-Odò. Wọ́n kó wá sí Èkó ní 1979, Bàbá sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ìdímù àti Ìkọ̀tún títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2008. Owó oṣù olùkọ́ kò kọ́lé. Ayálégbé ni Bàbá láti ọjọ́ tí wọ́n dé Èkó títí dọjọ́ ikú wọn. A sọ ọ́ síta báyìí nítorí ìgbà kan wà tí àwa ọmọ ń fi í pamọ́ fún ènìyàn.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Bàbá ní Ẹgbẹ́dá. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, wọn kò sì gba oyè kankan nínú ìjọ.

Ní 2013, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò tí Bàbá ń gbé ní Ìkọ̀tún ti géètì ẹ̀yìn pa nítorí olè. Géètì yẹn ni àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé-ìwé. Nígbà tí wọ́n tì í pa, etí títì ńlá ni àwọn ọmọ wá ń gbà yípo. Kò pé oṣù méjì tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá fi gbá Yésúfù, ọmọ ọdún méje, ọmọ Ìyáàfin Wàsílátù aránṣọ, ẹsẹ̀ ọmọ náà sì kán. Ayálégbé ni ìyá rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, Bàbá bá gba ìpàdé onílé lọ ní Sátidé ìkẹyìn oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ géètì, alága ìgbà náà dá wọn lóhùn pé, “Bàbá, ẹ má bínú o. Ayálégbé kì í sọ̀rọ̀ níbí. Ẹ ní kí láńlọ́ọ̀dù yín wá bá wa sọ ọ́ jàre.”

Bàbá kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ dúró sẹ́yìn àwọn àga, níbi tí ayálégbé máa ń dúró sí láti gbọ́ owó ọdẹ tí yóò san, wọ́n sì na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ọwọ́ náà wà lókè títí ìpàdé fi túká. Nígbà tí oṣù yí po, wọ́n tún lọ.

Ayálégbé mọ́kànlá ló kọ́kọ́ bá Bàbá na ọwọ́. Àwọn onílé kò lù wọ́n, wọn kò ké sí ọlọ́pàá. Oníkálukú kàn bá ayálégbé tirẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé, ẹsẹ̀ wọn sì dá ní ìpàdé. Ní 2015, Ìyáàfin Wàsílátù fúnra rẹ̀ mú Yésúfù kó lọ sí Ìṣẹ̀rí-Olófin, Bàbá wá ń na ọwọ́ nítorí ọmọ tí kò sí ládùúgbò mọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fún Bàbá ní kúìtì nótíìsì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Bàbá wá yàrá míràn ládùúgbò kan náà kí ìpàdé má bàa bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ìgbà kejì, ní 2017, ó sú Màmá. Màmá lọ bá Olúfúnkẹ́, àkọ́bí wa, ní Gowon Estate láti bá a tọ́jú ọmọ, wọn kò sì padà. Ìjà kọ́. Ọjọ́ Ìsinmi ni àwọn méjèèjì ń rí ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá á bá Màmá gbé báàgì dé ibi ọkọ̀, wọ́n á sì dá nìkan padà wálé lọ gbé omi kaná.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Stephen, àbúrò Olúfúnkẹ́, kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sí Àgbàdo, ó sì fi ìwé ilé náà sórúkọ Bàbá. A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bàbá súre fún un gan-an, wọ́n sì dá ìwé náà padà. Wọ́n ní, “Stephen, o ṣeun, ọmọ tìẹ náà á ṣe é fún ẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá di láńlọ́ọ̀dù, ta ló kù tó máa dúró lẹ́yìn àga?” Inú bí wa. Odidi ọdún kan ni Stephen kò fi fẹsẹ̀ tẹ Ìkọ̀tún.

Ní 2019, àìsàn rọ ọwọ́ ọ̀tún Bàbá. Wọ́n na ti òsì.

Ní 2021, Ìyáàfin Charity, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn onílé, di akọ̀wé ẹgbẹ́. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀, kò mọ èyí tí a ń fò. Láti oṣù àkọ́kọ́ ló ti ń kọ ọ́ pé: “Bàbá Fámákinwá na ọwọ́. A kò pè wọ́n.” Àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá ni wọ́n sì máa ń kà sókè kí tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn onílé ń rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tó pé ọdún kan, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni alága tuntun pe Bàbá. Bàbá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí géètì ẹ̀yìn fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án.” Wọ́n sì sọ ọwọ́ kalẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni géètì ṣí. Àwọn onílé gbé àga fún Bàbá nítorí ọjọ́ orí, Bàbá dúpẹ́, wọn kò jókòó. Wọ́n ní gbogbo ayálégbé ló ń san owó ọdẹ, kì í ṣe àwọn nìkan.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ẹgbẹ́ fi ọwọ́ sí i pé kí ayálégbé ní àga méjì ní ìpàdé, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì máa dìbò. Bàbá fi ọ̀pá tẹlẹ̀ láti ilé dé ilé láti sọ fún àwọn ayálégbé. Inú gbogbo ènìyàn dùn, wọ́n sì ń dáhùn pé, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. A máa wá, tí àyè bá ṣá ti yọ.” Àyè kò yọ. Láti oṣù náà títí di oṣù Kẹsàn-án, Bàbá nìkan ló ń jókòó síbẹ̀.

Àwa ọmọ náà kò lọ rí. Gowon Estate kò jìnnà sí Ìkọ̀tún. Nínú ọdún mọ́kànlá, kò sí ẹnì kan nínú wa tó dúró ti Bàbá ní ìpàdé ẹyọ kan. Ojú ń tì wá nígbà náà nítorí wọn. Lónìí, ojú ara wa ló ń tì wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá, Alhaja Sìdíkátù, onílé wọn ìkẹyìn, kan ilẹ̀kùn, kò gbọ́ ìdáhùn. Bàbá ti sùn lọ, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

Wọ́n fi sáyé lọ: Màmá Matilda, aya wọn, Olúfúnkẹ́, Stephen àti Tèmítọ́pẹ́, ọmọ wọn, àti ọmọ-ọmọ mẹ́fà, lára wọn ni Testimony àti Ṣeunfúnmi.

Ẹgbẹ́ onílé ránṣẹ́ sí wa pé àwọn fẹ́ kọ orúkọ Bàbá sára àga kan. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n a kò gbà á. Ẹ̀yin ayálégbé àdúgbò tí ẹ bá wa sin Bàbá lónìí, ọjọ́ Ẹtì, a rí i pé ẹ pọ̀. Ọ̀la ni Sátidé ìkẹyìn oṣù. Aago mẹ́wàá ni ìpàdé. Ẹ má wulẹ̀ padà wá kí wa. Ẹ lọ jókòó.

Bàbá, ẹ sùn re o. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ tún dá wà níbi tí ẹ lọ.