Ẹni Tó Ń Bá Mi Tún Kọ̀ǹpútà Ṣe

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Ètò tí mo fi ń ya sítáì aṣọ lórí kọ̀ǹpútà ilé mi ṣàdédé tì pa. Ó ní kóòdù tí mo rà láti fi ṣí i ti wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà fún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Baba Ìbejì, ní òun á bá mi tún un ṣe. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó sórí àga mi, wọ́n á jẹ ẹran mi tán, wọ́n á mirí, wọ́n á ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ìyàwó wa."

Mo bá pe iléeṣẹ́ tó ni ètò náà. Wọ́n ní orúkọ tó wà lára kọ̀ǹpútà kejì ni "Baba Ìbejì". Háà! Mo sáré lọ sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí n gbẹ́nu dákẹ́, ẹ̀gbọ́n òun ni.

Ẹ̀gbọ́n tún ń bọ̀ lọ́la, wọ́n láwọn fẹ́ wò ó dáadáa. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n kúnlẹ̀ kí wọn?